Bí Yunifásítì Ṣe Lè Gbé Ìkànnì Tẹlifíṣọ̀n Kébù Tirẹ̀ Kalẹ̀

Kámẹ́rà ni ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ fi máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ra mẹ́ta, wọ́n á kun yàrá kan ní àwọ̀ búlúù, wọ́n á pe ọ̀gá àgbà yunifásítì wá ṣí i. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, fídíò ọjọ́ ìṣílé yẹn ni ìkànnì á ṣì máa gbé jáde láàárọ̀ àti lálẹ́. Kámẹ́rà ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Ohun méjì ló ń pa irú ìkànnì báyìí: kí ètò tán lọ́wọ́ wọn, àti kí àwòrán ṣú dúdú kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí iṣẹ́ ṣe tẹ̀lé ara wọn nísàlẹ̀ yìí, ìyẹn là ń sá fún.

1. Ẹ ka wákàtí kí ẹ tó ka owó

Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀. Kò sí yunifásítì tó lè fi ètò tuntun kún un, kò sì pọn dandan. Ẹ to ètò wákàtí mẹ́rin pọ̀, kí ẹ gbé e jáde lẹ́ẹ̀mẹfà lóòjọ́. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, wákàtí 28 lẹ máa nílò lọ́sẹ̀, ìyẹn sì ju agbára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́jọ ló máa já sí. Nínú mẹ́jọ yìí, kí méjì jẹ́ ètò tí ẹnì kankan kò tíì rí, kí mẹ́fà yòókù wá láti inú ohun tí ẹ ti tọ́jú pa mọ́. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá ní wákàtí 60 nílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ó lè gbé yín dé ọ̀sẹ̀ kẹwàá láìtún nǹkan kan lò. Bí ohun tó wà nílẹ̀ kò bá tó 40, ẹ sún ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ síwájú.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Mẹ́rin pín 24 dọ́gba, nítorí náà ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ tún máa bẹ̀rẹ̀ ní méjìlá ọ̀sán, mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ àti mẹ́jọ alẹ́. Ẹni tó jẹ́ pé aago mẹ́fà sí méje ìrọ̀lẹ́ nìkan ló ń ráyè jókòó ti tẹlifíṣọ̀n kò ní rí ju ìdá mẹ́rin ohun tí ẹ ṣe lọ. Ẹ má tìtorí ìyẹn sọ ọ́ di wákàtí márùn-ún o; bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo ètò á máa sún ní wákàtí kan lójoojúmọ́, kò sì ní sí ẹni tó lè há àkókò wọn sórí. Wákàtí mẹ́rin náà ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, àmọ́ kí ẹ máa yí bí ètò inú rẹ̀ ṣe tò padà ní ọjọ́ kejì.

Ẹ wo ohun tó ń lọ nínú ọgbà yín tẹ́lẹ̀: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbogbòò, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìgbàwọlé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, eré orí ìtàgé, orin, eré ìdárayá, ìjíròrò láàárín àwọn olùwádìí. Àwọn wọ̀nyí rọrùn, torí ẹlòmíràn ló ń ṣètò wọn, tiyín kò ju kí ẹ gbà wọ́n sílẹ̀ lọ. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí kan tí kámẹ́rà méjì yà, tí ẹnì kan sì ń yí àwòrán láàárín wọn lójú ẹsẹ̀, lè parí láàárín ìdajì ọjọ́ lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta. Ètò ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó ń rìn káàkiri ọgbà, tó ní ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn mẹ́jọ àti orin lábẹ́, lè gbà tó ọ̀sẹ̀ kan. Irú ètò kejì yìí ló ń dùn mọ́ àwọn ọ̀dọ́ nínú, tó sì ń gba gbogbo àkókò wọn. Ẹ má ṣe ju ẹyọ kan lọ lóṣù ní ìbẹ̀rẹ̀. Ètò àwọn ọgbà mìíràn náà wúlò. UCTV ti Yunifásítì California, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000, ń kó ètò jọ láti oríṣiríṣi ọgbà yunifásítì náà, bẹ́ẹ̀ ni wákàtí wọn ṣe ń kún.

2. Àṣẹ àti àdéhùn

Nǹkan méjì ni, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ni àṣẹ láti ọwọ́ àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, àṣẹ tí ilé-iṣẹ́ kébù ti gbà ti kó ìkànnì yín mọ́ra. Ní òmíràn, ìkànnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba tirẹ̀. Kí agbẹjọ́rò yunifásítì kọ ìwé béèrè, kí èsì náà sì jẹ́ kíkọ, kì í ṣe ti orí fóònù. Ní Amẹ́ríkà, òfin kébù ọdún 1984 fún ìjọba tó ń fún ilé-iṣẹ́ kébù láṣẹ ládùúgbò ní agbára láti ní kí wọ́n ya àwọn ìkànnì kan sọ́tọ̀ fún ará ìlú, fún ẹ̀kọ́ àti fún ìjọba. Yunifásítì tó bá wà níbẹ̀ yẹ kó kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ ìjọba yẹn kó tó lọ bá ilé-iṣẹ́ kébù.

Ìkejì ni àdéhùn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ kébù. Kí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí hàn nínú rẹ̀:

- Nọ́ńbà ìkànnì, àti bóyá wọ́n lè yí i padà, àti oṣù mélòó ṣáájú ni wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún yín.
- Bóyá gbogbo oníbàárà ló máa rí i, àbí àwọn tó san owó gọbọi nìkan.
- Ta ló máa sanwó wáyà fáìbà láti ọgbà dé ilé ẹ̀rọ wọn, ta ló sì máa tún un ṣe bí katakata bá já a.
- Nọ́ńbà fóònù tí ẹnì kan máa gbé ní aago méjì òru. Kì í ṣe ti àwọn tó ń gba ẹ̀dùn ọkàn oníbàárà o. Ti onímọ̀ ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni.
- Bí àtẹ ètò yín ṣe máa dé ojú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n sábà máa ń fẹ́ ẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, bí ẹ bá sì pẹ́, «Ètò Yunifásítì» lásán ni yóò máa hàn níbẹ̀ láti òwúrọ̀ dé òwúrọ̀.

3. Ìwé kan ṣoṣo tó ń pinnu ohun tí ẹ máa rà

Ẹ ní kí ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ kébù fún yín ní ìwé tó ṣàlàyé irú àwòrán àti ohùn tí wọ́n ń gbà wọlé: ìwọ̀n àwòrán, iye férémù (iye àwòrán tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), codec (ọ̀nà tí a gbà fún fídíò pọ̀), iye megabit (bí dátà ṣe ń pọ̀ tó ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), bí ohùn ṣe tò, àti ojú ihò tí wọ́n fẹ́ kó gbà wọlé, bóyá SDI (wáyà fídíò tí a kò fún pọ̀), ASI (wáyà fídíò tí a ti fún pọ̀) tàbí IP (ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ǹpútà). Títí ìwé yìí fi dé, ẹ má ra ẹ̀rọ kankan.

Iye férémù ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ń lo férémù 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àwọn mìíràn ń lo 29.97. Ẹ mú èyí tí kébù yín ń lò, kí gbogbo kámẹ́rà, kọ̀ǹpútà àti fáìlì ọgbà máa lo òun nìkan. Àwòrán tí a yí láti ọ̀kan sí èkejì máa ń fò díẹ̀díẹ̀ nígbà tí kámẹ́rà bá ń rìn. Ẹni tó bá wà ní ìhà 29.97 tún ní ìyọnu kan: bí aago inú fídíò bá ń kà á bíi pé ó pé 30 géérégé, á fi ìṣẹ́jú-àáyá 3.6 yàtọ̀ sí aago ògiri ní gbogbo wákàtí, ó sì lé ní 86 lóòjọ́. Kíka tí wọ́n ń pè ní drop-frame ló ń tún ìyẹn ṣe, kẹ́ ẹ tàn án sílẹ̀ nínú gbogbo ẹ̀rọ.

Fídíò tí akẹ́kọ̀ọ́ fi fóònù yà tún ní àrùn tirẹ̀. Iye férémù fóònù máa ń yí padà bí iná yàrá bá ṣe mọ́lẹ̀ sí, kì í dúró lójú kan. Tí ẹ bá jù ú sórí tábìlì àtúntò bẹ́ẹ̀, ohùn á bá ẹnu mu ní ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ kó tó di ogún ìṣẹ́jú, ẹnu á ti pa dé kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Ẹ kọ́kọ́ yí i sí iye férémù tó dúró lójú kan kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ní ti megabit, ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bọ̀. Níbi tí kébù ti ń lo àyè 6 MHz pẹ̀lú 256-QAM (ọ̀nà kan láti kó dátà sínú àmì kébù), nǹkan bíi megabit 38.8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, ọ̀pọ̀ ìkànnì ló sì ń pín in, bí omi ìkòkò kan tí gbogbo agbo ilé ń bù. Ilé-iṣẹ́ náà yóò tún àwòrán yín fún pọ̀ kó tó dé ilé oníbàárà. Nítorí náà, ohun tí ẹ bá fi ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ohun tó máa dé ibẹ̀ lọ: codec H.264 tó tó megabit 12 sí 20 fún àwòrán HD dára. Àwòrán tí a yà nínú òkùnkùn máa ń kún fún èérún kéékèèké tó ń mì, ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ sì máa ń ná megabit rẹ̀ sórí èérún yìí dípò ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí iná tó dára fi ṣe pàtàkì ju kámẹ́rà olówó gọbọi lọ.

4. Ọ̀nà tí àwòrán ń gbà jáde

Fáìbà single-mode (irú tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ lọ jìnnà) tó lọ tààrà sí ilé ẹ̀rọ kébù ló dára jù. Wáyà SDI oníbàbà kì í fọkàn ẹni balẹ̀ mọ́ fún àwòrán HD bó bá ti ń sún mọ́ mítà 100, nítorí náà ó dára láàárín yàrá sí yàrá, kì í ṣe láti ẹ̀ka kan sí ẹ̀ka mìíràn nínú ọgbà.

Bí fáìbà kò bá ṣeé ṣe, SRT, ìyẹn ìlànà kan fún fífi fídíò ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lè gbé e. Ẹ wọn àkókò àlọ-àbọ̀ láàárín ọgbà àti ilé ẹ̀rọ wọn, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, ìyẹn ni ìdádúró tó kéré jù tí ẹ lè fi sí i. Bí àlọ-àbọ̀ bá jẹ́ 40 ms (1,000 ms ló wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan), 160 ms nìyẹn. Àmọ́ ìkànnì tí kì í bá ẹnikẹ́ni dáhùn ọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀ kò ní ìdí láti máa kánjú. Ẹ fi 1,000 tàbí 2,000 ms sí i kí ọkàn yín balẹ̀. Ẹ gba ìlà tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ka ICT, kí wọ́n sì kọ port náà (ẹnu ọ̀nà tí fídíò ń gbà) sínú àkọsílẹ̀ firewall (odi ààbò nẹ́tíwọ́ọ̀kì) pẹ̀lú orúkọ ìkànnì. Bí wọn kò bá kọ ọ́, ẹnì kan tó ń gbá firewall mọ́ nígbà ìsinmi máa rí port UDP kan tó ṣí sílẹ̀ láìní olówó, á sì tì í. Ìsinmi sì ni ìgbà tí ẹnì kankan kò sí nínú yàrá yín.

5. Yàrá ìgbéjáde

Yàrá yìí lọkàn iṣẹ́ náà, ibẹ̀ sì ni kí owó pọ̀ sí. Ẹ ra kọ̀ǹpútà playout (èyí tó ń gbé ètò jáde lórí ìkànnì) méjì tó bára mu, kí méjèèjì máa gbé àtẹ ètò kan náà jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ̀rọ ìyípo kan jókòó síwájú wọn. Bí àkọ́kọ́ bá dákú, ẹ̀rọ náà á bọ́ sórí ìkejì fúnra rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀kẹta tì í: ẹ̀rọ kékeré tí kò so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń yí fídíò wákàtí kan nípa yunifásítì ṣáá, láìgbára lé sáfà kankan.

Ẹ pa àwọn nǹkan wọ̀nyí lórí kọ̀ǹpútà playout: àtúnṣe aládàáṣe Windows, screensaver, ìfitónilétí gbogbo, àti ìyẹ̀wò antivirus nínú fólúdà fídíò. Àìmọye ìkànnì ni àpótí «Restart now» ti jáde lórí rẹ̀ lójú gbogbo ìlú. Kí aago gbogbo ẹ̀rọ máa gba àkókò láti ojú NTP (ètò tó ń mú aago kọ̀ǹpútà bára mu) kan ṣoṣo. Bí ẹ̀rọ méjì bá fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta yàtọ̀, ìyípo kan ṣoṣo máa gé gbólóhùn sí méjì.

Ibi ìpamọ́: fáìlì megabit 50 ń gba GB 22.5 fún wákàtí kan, nítorí náà wákàtí 100 jẹ́ TB 2.25. Ẹ ra ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ẹ rò. RAID, ìyẹn háàdì díìsìkì púpọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ bí ọ̀kan, ń gbà yín lọ́wọ́ háàdì díìsìkì tó kú. Kò lè gbà yín lọ́wọ́ ẹni tó fi àṣìṣe pa fólúdà rẹ́. Ẹ̀dà mìíràn gbọ́dọ̀ wà nínú ilé mìíràn. Ẹ fún fáìlì lórúkọ tó ní nọ́ńbà ètò, ọjọ́ àti ẹ̀yà, kí ọ̀rọ̀ «final» má sì sí nínú rẹ̀ rárá, torí «final2» ń bọ̀ lẹ́yìn.

UPS gbọ́dọ̀ gbé àwọn playout, encoder (ẹ̀rọ tó ń fún àwòrán pọ̀ kó tó jáde), ẹ̀rọ ìyípo àti ẹ̀rọ fáìbà fún iye ìṣẹ́jú tí jẹnẹrétọ̀ fi ń gbaná, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ̀rọ fáìbà ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé: wọ́n á kì í bọ iná ògiri ní yàrá ìsàlẹ̀, iná á lọ, gbogbo ẹ̀rọ òkè á máa ṣiṣẹ́ láìsí nǹkan tó ń jáde. Ẹ̀rọ amúlétutù náà gbọ́dọ̀ wà lórí jẹnẹrétọ̀, nítorí yàrá kékeré tó ní sáfà mẹ́fà lè gbóná kọjá ààlà kí wákàtí kan tó pé.

Ẹ gbé tẹlifíṣọ̀n kan tó so mọ́ àpótí kébù gan-an, bíi ti oníbàárà, sínú yàrá náà, kí ẹ tún gbé òmíràn sílé òṣìṣẹ́ kan tí kò gbé inú ọgbà. Ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ kò jẹ́ ohun tí wọ́n ń rí. Lẹ́yìn náà, ẹ ra ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ àwòrán dúdú, àwòrán tó dì sójú kan àti ìdákẹ́jẹ́, tó sì ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù. Ìṣẹ́jú-àáyá 15 ni kí ẹ fi sí i fún àwòrán dúdú. Fún ìdákẹ́jẹ́, 30, torí eré orí ìtàgé máa ń dákẹ́.

6. Kámẹ́rà, iná àti gbọ̀ngàn

A dé orí ohun tí gbogbo ayé ń bi wá, kò sì pọ̀. Kámẹ́rà mẹ́ta tí irú wọn jẹ́ ọ̀kan náà dára ju márùn-ún oríṣiríṣi lọ, nítorí àwọ̀ awọ ara á bára mu. Níbi tí iná mànàmáná ti jẹ́ 50 Hz, ẹ fi shutter (àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún àwòrán kọ̀ọ̀kan) sí 1/50. Níbi 60 Hz, 1/60. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná gbọ̀ngàn á máa fà bí ìlà dúdú lójú àwòrán. Kí gbogbo kámẹ́rà ṣe white balance (kíkọ́ kámẹ́rà ní ohun tó jẹ́ funfun) lórí ìwé funfun kan náà lábẹ́ iná kan náà, kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má fi kámẹ́rà ya ojú projector. Ẹ fi wáyà pín HDMI kọ̀ǹpútà olùkọ́ sí méjì, kí ọ̀kan lọ sí projector, kí èkejì wọ ẹ̀rọ ìyípo àwòrán yín. Ẹ pa iná tó tàn sí ojú aṣọ projector nìkan. Bí ẹ bá pa gbogbo iná iwájú, olùkọ́ á di òjìji.

7. Ohùn

Aráàlú á fara da àwòrán tí kò mọ́. Ohùn burúkú ni wọn kì í fara dà. Makirofóònù kékeré tí à ń fi há àyà aṣọ ni kí olùkọ́ lò, kí ẹ sì gba ohùn kejì láti ibi mixer gbọ̀ngàn, lórí ìlà ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ohùn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan: ó ṣẹlẹ̀ torí kámẹ́rà gba makirofóònù kan sí ihò kan, bí ẹ kò bá sì tẹ̀ ẹ́ sí méjèèjì, ìhà ọ̀tún máa dákẹ́. Èyí tó burú jù ni kí ìhà méjèèjì jẹ́ ohùn kan náà tí ọ̀kan dojú kọ ìkejì, torí wáyà XLR kan tí wọ́n jó lódì. Lórí agbọ́rọ̀sọ méjì, á kàn dà bí ohùn tó fẹjú. Lórí tẹlifíṣọ̀n onígbohùn kan, ohùn á pa ara rẹ̀ rẹ́, ẹnu á máa lọ láìsí ọ̀rọ̀. Ẹ máa tẹ bọ́tìnì mono lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo fáìlì kí ẹ tó gbà á wọlé.

Ìwọ̀n ìró (LUFS tàbí LKFS ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ń dún sí létí, dBTP sì ni wọ́n fi ń wọn ṣóńṣó rẹ̀): −23 LUFS níbi tí wọ́n ń tẹ̀lé ìlànà R128 ti EBU, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ Yúróòpù, kí ṣóńṣó rẹ̀ má kọjá −1 dBTP, níbi tí wọ́n ń lo ATSC A/85, ìlànà ti Amẹ́ríkà, −24 LKFS pẹ̀lú −2 dBTP. Ní ti ohùn àti ẹnu, ìlànà EBU kò fẹ́ kí ohùn fi ju 40 ms lọ ṣáájú tàbí ju 60 ms lọ lẹ́yìn àwòrán. Àpàtẹ́wọ́ ni kẹ́ ẹ fi dán an wò, níwájú kámẹ́rà, títí dé àpótí kébù.

8. Ẹ̀tọ́ àti ènìyàn

Ohun tí òfin gbà kí olùkọ́ fi han akẹ́kọ̀ọ́ nínú kíláàsì kì í sábà jẹ́ ohun tó lè gbé jáde lórí kébù. Àwòrán inú ìwé, ìdajì ìṣẹ́jú fíìmù, orin tó ń dún lábẹ́ slide: ẹ bò wọ́n tàbí kẹ́ ẹ gé wọn. Orin tí ẹ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ní ìwé tó dárúkọ tẹlifíṣọ̀n, torí ọ̀pọ̀ wọn kò kọjá ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí àlejò olùkọ́ fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda kó tó gun pèpéle. Lẹ́yìn tó bá ti wọ ọkọ̀, á ṣòro. Kí ìwé náà kan kébù, íntánẹ́ẹ̀tì àti àtúngbé. Ẹ fi ìlà méjì tó kẹ́yìn nínú gbọ̀ngàn sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò fẹ́ hàn, kí kámẹ́rà má sì dé ibẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ lè ya fídíò, wọ́n lè tún un tò, wọ́n lè ṣe atọ́kùn ètò. Àmọ́ wọ́n á lọ nígbà ìdánwò. Alábòójútó ìkànnì, ẹnjiníà, ẹni tó ń to ètò sórí playout àti olóòtú kan gbọ́dọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù. Kí ìwé kan tí ìgbìmọ̀ yunifásítì fọwọ́ sí sọ ẹni tó ní àṣẹ láti gé ètò kúrò, kó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Bí kò bá sí ìwé yìí, gbogbo ọ́fíìsì tó bá ní fóònù ló máa di olóòtú.

9. Ìdánwò kí ẹ tó kéde nọ́ńbà

Ẹ fi àwọ̀ ìdánwò àti ìró 1 kHz ránṣẹ́ fún ọjọ́ méjì, kí ẹnjiníà kébù wọn ìró náà: −18 dBFS (ìwọ̀n láti ibi gíga jù tí ohùn dígítà lè dé wá sísàlẹ̀) níbi tí wọ́n ń tẹ̀lé EBU, −20 níbi tí wọ́n ń tẹ̀lé SMPTE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n. Ìyàtọ̀ dB 2 yìí ló sábà máa ń fà á tí ìkànnì tuntun fi ń pariwo ju ti aládùúgbò rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbé ètò gidi jáde fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìkéde. Láàárín àkókò yìí, ẹ yọ iná playout àkọ́kọ́ lójú ọ̀sán, ẹ já íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ pa iná gbogbo ilé náà. Ẹ kọ iye ìṣẹ́jú-àáyá tí òkùnkùn gbà sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Lójoojúmọ́, ẹ tẹ àkọsílẹ̀ ohun tí playout gbé jáde, kí ẹ fi wé àtẹ ètò. Níbi tí wọ́n bá ti yàtọ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ 14 bá ti tẹ̀lé ara wọn láìsí ìyàtọ̀ tí ẹ kò lè ṣàlàyé, ẹ lè fún àwọn oníwèé ìròyìn ní nọ́ńbà ìkànnì.